Odi Inú Ikùn: Ìtàn Ohun Tí Kì Í Jẹ́ Kí Inú Wa Di Ọgbẹ́

Láti Ọjà'ba títí dé Bẹ́ẹ̀rẹ̀, láti ẹsẹ̀ òkè Mápó títí wọ Bẹyẹrúnkà, agbo-ilé wo ni a ó dé tí a kò ní í bá ẹnì kan tí yóò fi ọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀, tí yóò ní ọgbẹ́ inú ló ń yọ òun lẹ́nu? Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ pè é ní ọgbẹ́ inú mọ́, ulcer ni tọmọdé-tàgbà ń pè é. Bí a bá wá béèrè pé kí ló fà á, èsì mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní ebi ni. Àwọn kan á ní ata ni. Àwọn yòókù á ní ìrònú àti wàhálà ayé ni. Ẹni tó bá ti sọ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a máa rò pé òun ti parí ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ó ti tó igba ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń wá ìdí àìsàn yìí, ibi tí wọ́n sì bá a dé jìnnà sí ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì dúró sí. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ fi ojú ìtàn wo ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ inú nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí pé àṣìmọ̀ nípa rẹ̀ ń ṣe jàǹbá fún àwọn ènìyàn wa lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan tí ọmọdé lè bi àgbà. Ṣàkì tí à ń rà lọ́jà, ikùn màálù ni. Bí a bá jẹ ẹ́, inú ikùn tiwa ni ó ń lọ, omi kíkan tó wà níbẹ̀ yóò sì yọ́ ọ. Ikùn tiwa náà, ẹran ni, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ṣàkì. Kí ló dé tí omi kíkan yìí ń yọ́ ikùn màálù tí a jẹ, tí kì í sì í yọ́ ikùn ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru? Ẹni tó bá lè dáhùn ìbéèrè yìí ni ó mọ ohun tí ọgbẹ́ inú jẹ́.

ẸNI TÍ WỌ́N KỌ́KỌ́ FI Ẹ̀SÙN KÀN: OMI KÍKAN

Àwọn oníṣègùn ìgbàanì mọ̀ pé ikùn a máa di ọgbẹ́. Ibn Sina, tó kú ní ọdún 1037, kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa àìsàn ikùn nínú ìwé ńlá rẹ̀ tí a ń pè ní al-Qanun, ó sì mẹ́nu ba ọgbẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá náà, qurha, tí àwa olùkọ́ ilé-kéú fi ń pe ọgbẹ́, òun ni àwọn dókítà ilẹ̀ Lárúbáwá ṣì ń lò fún ulcer títí di òní.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú omi ikùn gan-an, a kò mọ̀ ọ́n títí di ọdún 1824, nígbà tí William Prout, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, fi hàn pé ásíìdì gidi ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní hydrochloric acid. Ọdún méjì ṣáájú èyí, ní 1822, ìbọn ṣèèṣì ba ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń jẹ́ Alexis St. Martin ní erékùṣù Mackinac ní Amẹ́ríkà. Ó yè, ṣùgbọ́n ihò tí ìbọn dá sí i ní ikùn kò dí mọ́ láéláé. Dókítà ọmọ ogun tó tọ́jú rẹ̀, William Beaumont, gba ojú ihò yẹn wo inú ikùn alààyè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ṣe ìdánwò tó lé ní 200, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1833. Ó rí i pé omi kíkan ni ó ń yọ́ oúnjẹ. Ó tún rí ohun kan tí a ó padà sí: bí ọkùnrin náà bá bínú, tàbí tí ara rẹ̀ kò bá yá, ara ògiri ikùn rẹ̀ a máa yí padà lójú ẹni tó ń wò ó.

Láti ìgbà náà ni gbogbo ẹ̀bi ti ń lọ sórí omi kíkan. Ní ọdún 1910, Karl Schwarz, oníṣẹ́-abẹ kan ní ìlú Zagreb, fi í lélẹ̀ pé bí kò bá sí omi kíkan, ọgbẹ́ kò lè wà. Ọ̀rọ̀ yìí di òfin láàárín àwọn oníṣègùn. Wọ́n ní kí aláìsàn máa mu mílíìkì, wọ́n ní kó jìnnà sí ata. Nígbà tí ìyẹn kò tó, wọ́n ń gé lára ikùn, wọ́n sì ń gé iṣan tó ń rán ikùn níṣẹ́ pé kó pèsè omi kíkan. Láti ọdún 1976 ni wọ́n ti ń ta oògùn cimetidine tí James Black àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oògùn náà ń dín omi kíkan kù láìfi ọ̀bẹ kan ara. Ọgbẹ́ ń jinná, aláìsàn ń yọ̀. Black gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé bí aláìsàn bá ti dá oògùn náà dúró, ọgbẹ́ ń padà wá. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn wà tí omi kíkan inú wọn kò ju ti ẹlòmíràn lọ, síbẹ̀ tí ọgbẹ́ ń ṣe wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí tiwọn pọ̀ gan-an wà tí inú wọn dá ṣáká. Ọ̀tá kan náà ló ń kọlu gbogbo ìlú, àwọn ìlú kan ń ṣubú, àwọn kan ń dúró. Ó yẹ kí a béèrè nípa ìlú fúnra rẹ̀.

ẸNI KEJÌ: MÁSÙNMÁWO

Kí a tó dé orí ìlú, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkejì tí a fi ẹ̀sùn kàn. Ní ọdún 1842, Thomas Curling ní Lọ́ńdọ̀nù kọ nípa àwọn ènìyàn tí iná jó púpọ̀, tí ọgbẹ́ sì yọ nínú ìfun wọn láìpẹ́ lẹ́yìn náà. Iná kò dé inú wọn, awọ ara ni ó jó. Báwo ni ìnira òde ara ṣe ń di ọgbẹ́ inú?

Ní ọdún 1936, Hans Selye, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì McGill ní Montreal, kọ ìwé kúkúrú kan tó yí ìmọ̀ padà. Ó fi eku ṣe ìdánwò. Ó fi òtútù mú àwọn kan, ó ṣe àwọn kan léṣe, ó mú àwọn kan ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó, ó sì fún àwọn kan ní èròjà olóró. Ìnira náà yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ohun tó rí nínú ara wọn kò yàtọ̀. Ẹṣẹ́ orí kíndìnrín wọn wú, ẹṣẹ́ inú àyà wọn súnkì, ọgbẹ́ sì yọ nínú ikùn àti ìfun wọn. Láti inú iṣẹ́ Selye ni ọ̀rọ̀ stress ti wọ ẹnu gbogbo ayé. Másùnmáwo ni àwa ń pè é.

Ogun tún fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Nígbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀ lé Lọ́ńdọ̀nù lórí ní 1940 àti 1941, iye àwọn tí ọgbẹ́ inú wọn ya lu lọ sókè ní àwọn ilé ìwòsàn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní 1942. Bákan náà ni ó rí lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ tó ba ìlú Kobe jẹ́ ní Japan ní oṣù kìíní ọdún 1995: ọgbẹ́ inú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i láàárín àwọn tó yè é.

Nítorí náà, àwọn tó ní ìrònú ń dá ọgbẹ́ sílẹ̀ kò parọ́ tán. Ìnira ńlá a máa dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ikùn kù, nítorí pé ara ń fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi tó rò pé ogun wà. Àmọ́ gbogbo ará Lọ́ńdọ̀nù ló gbọ́ ìró bọ́ǹbù, kì í ṣe gbogbo wọn ni inú wọn ya lu. Ìbéèrè wa ṣì dúró síbẹ̀.

ODI ÌLÚ ÀTI ODI IKÙN

Gbogbo àwa ọmọ Ìbàdàn la gbọ́ ìtàn Odi Ìbíkúnlé. Ní ọdún 1858 ni Balógun Ìbíkúnlé mọ odi yí ìlú yìí ká, nítorí pé ìlú jagunjagun kì í ṣàìní ọ̀tá. Àwọn baba wa mọ̀ pé yẹ̀ǹpẹ̀ nìkan kọ́ ni odi. Òjò ń rọ̀ lù ú, ó ń wó, a sì gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe. Oníbodè gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ibodè. Ìlú tó wà lẹ́yìn odi gbọ́dọ̀ rí oúnjẹ jẹ, kí àwọn tó ń ṣọ́ odi má baà kú tán. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní í ráyè wọ̀ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ikùn ṣe rí. Ohun tó kọ́kọ́ bo ògiri rẹ̀ ni omi kan tó ń yọ̀, tó ń fà bí ewédú. Kò nípọn tó mìlímítà kan, ṣùgbọ́n èròjà tó ń pa kíkan wà nínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí omi inú ikùn tilẹ̀ kan bí ọ̀tá, ibi tó ti kan ògiri kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan rárá. Lẹ́yìn èyí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì wà. Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ tó kéré jù lọ tí a fi kọ́ ara ohun alààyè gbogbo, ojú lásán kò lè rí i. Àwọn ti ikùn so mọ́ra wọn pinpin bí búlọ́ọ̀kù tí a fi sìmẹ́ǹtì mọ. Lẹ́yìn wọn ni ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, tó ń gbé oúnjẹ wá bá wọn, tó sì ń gbá omi kíkan tó bá yọ́ wọlé kúrò.

Sẹ́ẹ̀lì tó wà lójú ògiri kì í pẹ́ láyé. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí òmíràn fi ń gba ipò rẹ̀. Bí ìpalára bá ṣẹlẹ̀ lójijì, kò tilẹ̀ dúró de ìyẹn. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, William Silen àti Susumu Ito ní Boston fi hàn pé bí àwọn sẹ́ẹ̀lì òkè bá kú, àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ a tẹ́ ara wọn pẹrẹsẹ, wọ́n á sì wọ́ bo ojú ibi tó ṣí sílẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. Ó dà bí ìgbà tí àwọn ará ìlú sáré fi ara wọn dí ibi tí odi ti ya, kí bíríkìlà tó dé.

ẸNI TÓ SỌ ODI NÁÀ LÓRÚKỌ

Ta ni ń pàṣẹ fún àwọn aṣọ́dì wọ̀nyí? Ní ọdún 1971, John Vane ní Lọ́ńdọ̀nù rí ìdí tí aspirin fi ń pa ìrora. Ó ní aspirin kì í jẹ́ kí ara ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ prostaglandin, èyí tó ń mú ibi tó ń dùn wá gbóná, tó sì ń mú un wú. Vane pẹ̀lú àwọn ọmọ Sweden méjì, Sune Bergström àti Bengt Samuelsson, gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yìí ní 1982.

Ìgbà tí André Robert, tó ń ṣiṣẹ́ ní Kalamazoo ní Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ tirẹ̀ jáde ní 1979 ni a tó mọ ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà. Robert fún àwọn eku ní prostaglandin díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló da àwọn ohun tó le jù lọ sí wọn nínú: ọtí tí kò ní omi kankan nínú, ásíìdì, sódà, omi iyọ̀ tó le, títí kan omi tó ń hó. Ikùn àwọn eku tí kò gba prostaglandin bàjẹ́ yánnayànna. Ti àwọn tó gbà á kò di ọgbẹ́. Ohun tó sì ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu jù ni pé ìwọ̀n tí ó lò kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè dín omi kíkan kù rárá. A jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀tá ni ó dín kù, odi ni ó le sí i. Robert pe ààbò yìí ní cytoprotection, ìyẹn ni ààbò sẹ́ẹ̀lì.

Ní 1983, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tún rí ohun mìíràn. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi ohun tó ń ta ikùn díẹ̀ kàn án, ikùn a kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀, á tú prostaglandin tirẹ̀ jáde, nígbà tí ohun tó le bá sì dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, á ti múra sílẹ̀. Ìnira kékeré ti kọ́ ọ bí yóò ṣe gba ìnira ńlá.

Ẹ wá wo ohun tí iṣẹ́ Vane àti ti Robert ń sọ bí a bá so wọ́n pọ̀. Èròjà tó ń mú orúnkún dùn wá náà ló ń pàṣẹ fún odi ikùn. Aspirin kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Bí ó ti ń pa ìrora orúnkún ni ó ń lé àwọn aṣọ́dì kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

ẸKỌ́ LỌ́DỌ̀ EṢINṢIN

Ìjìnlẹ̀ mìíràn ṣì wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ọ̀dọ̀ eṣinṣin kékeré tó ń bà lé èso ni a sì ti kọ́ ọ. Ferruccio Ritossa, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ń ṣiṣẹ́ lórí eṣinṣin náà nígbà tí ẹnì kan ṣèèṣì mú kí ibi tó kó wọn sí gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó wo sẹ́ẹ̀lì wọn, ó rí i pé ooru náà ti jí ohun kan tó ń sùn nínú wọn. Ó kọ ọ́ jáde ní 1962, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì kà á sí. Ní 1974 ni Alfred Tissières àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé púrótíìnì kan báyìí ni sẹ́ẹ̀lì ń yára ṣe nígbà tí ooru bá mú un. Wọ́n pè é ní púrótíìnì ooru, heat shock protein, ṣùgbọ́n ooru nìkan kọ́ ni ó ń jí i. Májèlé, àìrí ẹ̀jẹ̀ tó, ọtí, ìnira gbogbo ni ó ń jí i.

Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ṣòro láti yé wa. Bí ìnira bá dé bá sẹ́ẹ̀lì, àwọn púrótíìnì tó ń ṣe iṣẹ́ nínú rẹ̀ a máa wọ́, wọ́n a máa lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tó ta kókó. Púrótíìnì ooru yìí ni ó ń tú kókó náà, tó ń tò wọ́n padà, tó sì ń kó èyí tí kò ṣeé tún ṣe mọ́ dànù. Ọmọ ènìyàn ní i, ewéko ní i, àti kòkòrò tó kéré jù lọ. Àwọn onímọ̀ Japan ni wọ́n tẹpẹlẹ mọ́ ti inú ikùn jù lọ. Ní 1996 wọ́n fi hàn pé oògùn teprenone, tí wọ́n ti ń lò fún ọgbẹ́ inú lọ́dọ̀ wọn, ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ikùn ṣe púrótíìnì náà. Ní 2007, wọ́n tún tẹ ìwádìí jáde nípa eku tí a ti mú ohun tó ń jí púrótíìnì yìí kúrò lára rẹ̀. Ikùn irú eku bẹ́ẹ̀ kò lágbára láti gba ọtí bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìdáhùn ìbéèrè ṣàkì nìyí. Ṣàkì màálù ti kú. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, kò sí aṣọ́dì, kò sí ẹni tí yóò tú kókó. Ikùn tiwa wà láàyè, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ni kò sì jẹ́ kí omi kíkan rí i gbé ṣe.

ẸNI TÓ Ń GBẸ́ ABẸ́ ODI

Bí odi bá le tó báyìí, kí ni ó ń wó o? Ní Perth, ní Ọsirélíà, dókítà Robin Warren ti ń rí kòkòrò àìfojúrí kan nínú ikùn àwọn aláìsàn láti 1979. Gbogbo ayé gbà pé kòkòrò kankan kò lè gbé inú omi kíkan. Ní 1982, òun àti Barry Marshall sapá títí kí wọ́n lè rí i hù nínú àwo, pàbó ló ń já sí, àfìgbà tí ìsinmi Ọdún Àjíǹde mú kí wọ́n fi àwo kan sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò gbà wọ́n gbọ́, Marshall bu kòkòrò náà mu ní 1984. Láàárín ọjọ́ mélòó kan inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, ó ń bì, ògiri ikùn rẹ̀ sì wú. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Helicobacter pylori ni orúkọ kòkòrò náà. Abẹ́ omi yíyọ̀ bí ewédú yẹn ni ó ń sá sí, ibẹ̀ ni ó sì ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ odi.

Orílẹ̀-èdè wa wọ inú ìtàn yìí. Ní 1975, oníṣẹ́-abẹ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Frank Tovey, pẹ̀lú Marjorie Tunstall, kó ìròyìn jọ láti ilé ìwòsàn káàkiri Áfíríkà. Wọ́n rí i pé ọgbẹ́ ìfun pọ̀ ní gúúsù Nàìjíríà níbi tí a ti ń jẹ iṣu àti ẹ̀gẹ́, ó sì kéré ní òkè ọya níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà bàbà àti géró. Ní 1992, Chris Holcombe, tó ti ṣiṣẹ́ ní Maiduguri, tọ́ka sí i pé kòkòrò náà wà lára ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn níbẹ̀ láti kékeré, síbẹ̀ ọgbẹ́ kò pọ̀ láàárín wọn. Ó pe èyí ní àdììtú Áfíríkà. Àwọn mìíràn ti ta kò ó láti ìgbà náà, wọ́n ní ẹ̀rọ tí a fi ń wo inú ikùn ni kò pọ̀ tó, pé ẹni tí a kò bá yẹ̀ wò, a kò lè mọ ohun tó ń ṣe é. Àríyànjiyàn náà mú ọgbọ́n wá. Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò jiyàn rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé kòkòrò yìí kiri tí wọn kì í ní ọgbẹ́ títí wọn yóò fi kú. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

IṢẸ́ TÍ WỌ́N ṢE NÍ ÌBÀDÀN

Kò yẹ kí a máa ka ìtàn yìí bí ìtàn òkè òkun nìkan. Láti ọdún 1948 ni yunifásítì ti wà ní ìlú wa, ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀, UCH, sì ṣí ní 1957. Ní yunifásítì náà ni S. B. Ọláléye, onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, àti E. O. Fárómbí, onímọ̀ nípa àwọn èròjà inú ara, ti fi orógbó ṣe ìwádìí lórí ọgbẹ́ inú, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2006.

Èròjà kan tí a ń yọ láti inú orógbó, tí a ń pè ní kolaviron, ni wọ́n lò. Wọ́n fún àwọn eku kan ní kolaviron ṣáájú, lẹ́yìn náà wọ́n fún wọn ní indomethacin, oògùn ìrora tó jẹ́ ìbátan aspirin. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní ásíìdì pẹ̀lú ọtí. Ìpalára tó dé bá ikùn àwọn eku tó gba kolaviron kéré sí ti àwọn tí kò gbà á. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé irú ìnira yìí ń mú kí afẹ́fẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń lò bẹ̀rẹ̀ sí í ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń mú irin dípẹtà, kolaviron sì ń ran sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti dènà ìpẹtà náà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dúdú pẹ̀lú. Ní 1984, àwọn onímọ̀ ní Birmingham rí i pé ìyẹ̀fun rẹ̀ ń gba ikùn eku lọ́wọ́ ọgbẹ́ aspirin, nítorí pé ó ń mú kí ògiri ikùn dàgbà sí i.

A kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè lọ máa jẹ orógbó dípò oògùn. Eku kì í ṣe ènìyàn, èròjà tí a yọ, tí a wọ̀n, kì í sì í ṣe orógbó tí a ń rún lẹ́nu. Ohun tí a fẹ́ kí ó yé wa ni pé kì í ṣe omi kíkan ni àwọn onímọ̀ wọ̀nyí ń lé kiri. Ojú odi ni wọ́n dúró sí.

OHUN TÍ ÌTÀN YÌÍ Ń BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ WA

Nígbà tí ìmọ̀ ti dé ibi tó dé yìí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí à ń ṣe. Alágbàro tí ẹ̀yìn ń dùn, obìnrin tó ru ẹrù láti àárọ̀, ọ̀dọ̀ oníkẹ́mìsì ni wọ́n ń gbà lọ. Wọ́n á rà diclofenac, ibuprofen tàbí piroxicam, wọ́n á sì máa lò ó lójoojúmọ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Àwọn mìíràn á da ìyẹ̀fun Alabukun lé e, èyí tí Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Abẹ́òkúta ní 1918. Oògùn àtayébáyé ni, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n aspirin wà nínú rẹ̀, aspirin pẹ̀lú diclofenac sì jẹ́ ìyá kan náà lójú odi ikùn. Àwọn kan tún ń fi àgbo tí a rẹ sínú ògógóró lé gbogbo rẹ̀. Nígbà tí inú bá wá ń ta wọ́n, wọ́n á ní ebi ni.

Ebi nìkan kì í dá ọgbẹ́ sí ikùn ẹni tí ara rẹ̀ le. Bí ọgbẹ́ bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ebi a máa jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé kò sí oúnjẹ tí yóò pa omi kíkan. Ata náà bẹ́ẹ̀: ó lè ta ọgbẹ́, òun kọ́ ló dá a sílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tí ara rẹ̀ le má ṣe fi ìbẹ̀rù ọgbẹ́ sá fún ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí ó wà lẹ́nu ìtọ́jú, kí ó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀. Ẹ̀sìn ti fún aláìsàn ní àyè, kì í ṣe ìgboyà ni kí a ti ibẹ̀ kú.

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Kí ẹni tó ń lo oògùn ìrora mọ orúkọ ohun tó ń gbé mì, kí ó má sì fi méjì lára wọn pọ̀. Paracetamol kò sí nínú ìdílé yìí, ara ikùn gbà á jù wọ́n lọ, bí a kò bá ti lò ó kọjá òṣùwọ̀n. Ẹni tí dókítà bá fún ní aspirin nítorí ọkàn rẹ̀, kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀, kí ó padà lọ sọ fún un bí inú bá ń ta á. Ẹni tí inú ti ń dùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ó lọ sí Adéọ̀yọ́ tàbí UCH kí wọ́n yẹ kòkòrò náà wò lára rẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, oògùn tó ń pa kòkòrò pẹ̀lú èyí tó ń dín omi kíkan kù, tí a lò pé fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ń wo ọ̀pọ̀ sàn pátápátá. Ẹni tó bá sì rí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, tàbí tó ń bì ẹ̀jẹ̀, kí ó má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Odi Ìbíkúnlé ti wó tipẹ́, ilé àti títì ti bo ojú ibẹ̀, nítorí pé ogun tí a torí rẹ̀ mọ ọ́n ti parí. Ogun inú ikùn kì í parí níwọ̀n ìgbà tí a bá ń jẹun. Àwọn aṣọ́dì tí Ọlọ́run fi síbẹ̀ kì í sùn. Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́ ni pé kí a má ṣe fi owó ara wa ra ohun tí yóò lé wọn kúrò.